Mo Wà Nílé Lọ́jọ́ Náà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Ń Bọ̀, ẹ ní kí èmi Ẹ̀bùn kọ ìtàn ìgbésí ayé Mujeebah fún ìrántí ọdún kejì tó kú, nítorí pé èmi ni akọ̀wé yín, èmi àti òun sì jọ gbé yàrá kan ní Sábó fún ọdún mẹ́rin. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fà á ya nígbà tí mo dé ibi ọjọ́ tó kú. Èyí tí mò ń kà fún yín yìí ni ẹ̀kẹrin, n kò sì ní fà á ya. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti gbé mì fún ọdún méjì gbáko, tó sì ti há mi lọ́fun. Òní ni n óò pọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kà á tán ná, torí pé bí ẹ bá dá mi dúró lágbede méjì, mo mọ ara mi, n óò wá ọ̀nà sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Mujeebah jẹ́, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa lè mọ ohun tí a pàdánù. Mushin ni wọ́n bí i sí, nínú ilé Alhaji Tìrìmísíyù tó ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga. Alhaja Ìdíátù tó ń ta aṣọ ọmọdé ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a rìn láti Sábó dé Tejúoṣó, sísá ni ẹ óò máa sá tẹ̀ lé e, nítorí pé Mujeebah kò mọ ìrìn jẹ́jẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Yaba ló ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Èèyàn á pè é pẹ̀lú ìbínú, á máa pariwo, kí ìpè náà tó parí, ẹni náà á ti máa ṣàdúrà ọkọ rere fún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tètè dé, gbogbo ilé sunkún, wọ́n sì gba kádàrá. Mujeebah náà sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó mú ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi àwọn èèyàn ní irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni mọ́ ládùúgbò. “B pọ́sítífù mi, ẹ káàárọ̀ o!” Ìyá oníbúrẹ́dì nìyẹn. “A nẹ́gẹ́tífù, ìgbà wo lẹ jẹ ẹ̀fọ́ gbẹ̀yìn? Ojú yín ti funfun jù!” Pásítọ̀ wa nìyẹn, wọn kò sì mọ bóyá kí àwọn bínú ni tàbí kí àwọn rẹ́rìn-ín.

Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni mí, òun ló sì máa ń jí mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. “Ẹ̀bùn, dìde jàre, àwọn èèyàn yín ti ń kọrin.” Bí mo bá ń gbààwẹ̀, òun ló máa ń se oúnjẹ tí n óò fi ṣínu kó tó jáde láàárọ̀. Á rọ ọ́ sínú fúláàsì, á kọ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ sórí bébà pélébé, á fi lé e lórí. O nẹ́gẹ́tífù ni àwa méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni, nínú gbogbo ẹgbẹ́ yìí àwa mẹ́ta péré ló ní in: Mujeebah, èmi, àti Gbádé tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ìwáyà. Mujeebah máa ń sọ pé ìyá kan náà ló bí èmi àti òun, pé wọ́n kàn jí èmi gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fún èèyàn lẹ́jẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì ya fọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kiri, tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀mí èèyàn ló ṣáájú. Mujeebah ń ṣe iṣẹ́, èmi ń ṣàlàyé rẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ wa kò pọ̀, òun ló sì ṣe gbogbo wọn. Èyí tó le jù ni pé a kò gbọdọ̀ dárúkọ aláìsàn fún ẹni tó fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀. Ó ti rí ọkùnrin kan tó yí padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn nítorí pé orúkọ tó gbọ́ kì í ṣe ti ẹ̀yà tirẹ̀. “Irú ẹ̀jẹ̀ àti ilé ìwòsàn nìkan ni kẹ́ ẹ máa sọ,” ni Mujeebah wí. “Ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn lẹ́jẹ̀, kó fún èèyàn. Èwo ni ti ta ni?” Ẹni tó sì pa òfin yìí mọ́ jù láàárín wa ni Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì Àkàngbé, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó máa ń sọ èrò kalẹ̀ lójú ọ̀nà láti wá gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ilé Alhaji ní Mushin ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Bí àbúrò ni Alhaji ṣe ń ṣe sí i, Alhaja sì máa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Mo ti dé ibẹ̀ báyìí. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kìíní ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gba àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, ọjọ́ kọkàndínlógún sì nìyẹn. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọkọ ni mò ń wá lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́dún tó ṣáájú, ibà mú mi já àwẹ̀ náà ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó ń bọ̀ fi yà sílé ẹlòmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ní ohunkóhun kò ní já a gbà lọ́wọ́ mi. Mujeebah jáde láàárọ̀, ó ní òun óò kọ́kọ́ yà sí Jíbówú. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan fáànù, mo kúnlẹ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀, mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ kan dúró níta, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn mi dún. “Sístà Ẹ̀bùn! Táòfíkì ni o! O nẹ́gẹ́tífù ni wọ́n ń wá, kíákíá ni o!” Mo dákẹ́. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí kò jẹun, wọn á ní kí n jẹ, kí n mu mọ́ọ̀tì, ọjọ́ mọ́kàndínlógún á sì ṣòfò. Mo lè ṣílẹ̀kùn kí n sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mò ń gbààwẹ̀, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ Gbádé.” Ìṣẹ́jú kan péré ni ìyẹn ì bá gbà, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi jà. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, èmi tí mo ti fi ẹnu mi gba ẹ̀jẹ̀ lára gbogbo Yaba. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, á gbà pé n kò sí nílé, á máa lọ.

Kò lọ, nítorí pé ó ń gbọ́ fáànù. “Sístà, ó jọ pé ẹ sùn ni. Ẹ dákun, ẹ jí!” Ó ń kàn án, ó ń kàn án. Fóònù mi ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí, mo nawọ́ mú un, mo pa á. Lẹ́yìn náà ni mo rọra dìde, mo fi ìka ẹsẹ̀ rìn, mo sì pa fáànù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á. Níta, Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì gbọ́ pé fáànù ti dáwọ́ dúró. Ó wá mọ̀ dájú pé èèyàn wà nínú ilé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. “Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí bí mo bá ti ṣẹ̀ yín rí. Ẹni yìí ò gbọdọ̀ kú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹni yìí ò gbọdọ̀ kú.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ń sunkún. Mo bi ara mi pé kí ló ṣe ọkùnrin yìí tó ń sunkún bẹ́ẹ̀ lórí aláìsàn tí kò mọ̀ rí. Ká ní ó dárúkọ ẹni náà lẹ́ẹ̀kan péré ni, ǹ bá fi orí fọ́ ilẹ̀kùn náà jáde. Kò dárúkọ. Ohun tí Mujeebah kọ́ wa ló ń tẹ̀ lé. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó lọ, mo sì padà sórí eékún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fún mi lágbára láti borí ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Ìdánwò ni mo pè é.

Ẹ mọ ìyókù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu Mujeebah ní Jíbówú níbi tó ti fẹ́ sọdá títì. Fóònù rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ ọ́n nítorí ẹgbẹ́ wa ló pe Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì, òun sì fojú ara rẹ̀ rí i lórí ibùsùn kó tó sáré wá bá mi. Irú ẹ̀jẹ̀ Mujeebah ti tán ní ilé ìwòsàn náà. Nígbà tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ó gba Ìwáyà lọ, Gbádé sì wà lórí omi, ó ń dán ọkọ̀ tuntun wò. Aago kan ti kọjá kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ Gbádé wò lọ́wọ́ tí Mujeebah fi dákẹ́, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù. Dókítà sọ pé ká ní ẹ̀jẹ̀ náà dé ní ìdajì wákàtí síwájú ni, wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, bí ẹ̀sìn wọn ṣe fẹ́. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, Áfáà dojú kọ gbogbo wa nínú ọgbà Alhaji, wọ́n ní, “Ẹni tí Mujeebah bá ṣẹ̀ nínú wa, kó forí jì í nítorí Ọlọ́run.” Gbogbo èèyàn dáhùn pé àwọn ti forí jì í. Ẹnu mi wà níbẹ̀. Èmi, Ẹ̀bùn, mo la ẹnu yìí, mo sì forí ji Mujeebah. Nígbà tí mo padà dé Sábó, fúláàsì wà lórí tábìlì. Ẹ̀wà àti dòdò ló wà nínú rẹ̀. Lórí bébà, ó kọ ọ́ pé, “Ó ku ọjọ́ méjì, ìyàwó. Má jẹ̀ẹ́ kó sú ẹ.” Mo sunkún títí, mo sì jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́ tán.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá ní òpin. Kì í ṣe ìyẹn ló burú jù. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fídáù, ẹbí àti àwa ọmọ ẹgbẹ́ kún inú pálọ̀ Alhaji. Alhaji rọra béèrè, kò tilẹ̀ bínú nígbà náà. “Táòfíkì, aago mọ́kànlá ni wọ́n pè ẹ́. Aago kan kọjá kó o tó gbé ẹlẹ́jẹ̀ dé. Níbo lo lọ?” Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì ní, “Bàbá, ọ̀dọ̀ Sístà Ẹ̀bùn ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kanlẹ̀kùn títí. Fáànù ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, nígbà tó yá wọ́n pa á.” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo lè sọ pé oorun gbé mi lọ. Mo lè sọ pé ara mi kò yá. Kódà, mo lè bú sẹ́kún, wọn á sì fi mí sílẹ̀. Mo dìde dúró, mo sì wí pé, “Bàbá, orí òkè àdúrà ní Ìkòròdú ni mo wà láti Ọjọ́rú títí ìròyìn fi kàn mí. Mi ò sí nílé. Bóyá wọ́n ní èrò tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ já ni, mi ò mọ̀.” Ọ̀rọ̀ èrò yìí, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Èmi ni mo fi kún un fúnra mi. Obìnrin tó ti orí òkè àdúrà bọ̀, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì wò mí. Alhaja Ìdíátù fi ìborùn bo ojú. Alhaji ní, “Èrò lo lọ já, Táòfíkì, tí ọmọ mi fi kú.” Kí oṣù náà tó parí, Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì ti kó kúrò nílé wọn. Ẹ̀yin náà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, èmi akọ̀wé ni mo sì kọ lẹ́tà náà. Mo kọ ọ́ dáadáa, àmì ohùn kan kò sọnù nínú rẹ̀.

Àwẹ̀ yẹn kò fún mi ní ọkọ, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀. Ohun tó yí mi padà ṣẹlẹ̀ ní Tejúoṣó lóṣù tó kọjá, ní ọ̀sán gangan. Mò ń ra bàtà lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan kí mi lẹ́yìn. “Sístà Ẹ̀bùn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì ni, ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí ni, mo tilẹ̀ fẹ́ kó gbá mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. “Mi ò fẹ́ jà, Sístà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé lóòótọ́ lẹ ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn? Mo ti rò ó títí. Mo ní bóyá ẹ gbàgbé fáànù sílẹ̀ ni, tí iná wá lọ, tí èmi rò pé ẹ pa á ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé òfìfo ni mo dúró sí tí mò ń kàn. A jẹ́ pé èmi ni mo pa á. Mi ò bá ti tètè lọ sí Ìwáyà. Ìyàwó mi ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn, Sístà. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú.” Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní mò ń kánjú. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọjà, mo sì lọ. Ṣùgbọ́n n kò lọ jìnnà. Ní òdìkejì títì, mo jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan. Irọ́ mi ti ba ọkùnrin yìí lórúkọ jẹ́, mo mọ ìyẹn. N kò mọ̀ pé ó ti wọ inú orí rẹ̀, pé ó ti ń gba ẹ̀bi tèmi gbọ́ bíi tirẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti pinnu.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí Mushin, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú àwọn òbí Mujeebah, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Alhaji ṣí fìlà lórí, wọ́n mú un dání. Alhaja ní, “Ẹ̀bùn, dìde, kó o máa lọ. Má wá sílé mi mọ́.” Mo gbà, ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì ni Alhaji pè mí padà. Wọ́n ní, “Kì í ṣe èmi nìkan ló gbọ́ irọ́ yẹn. Gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ ni wàá sọ òótọ́ fún, níṣojú ẹni tó o pa á mọ́.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí Alhaji láàárín wa lónìí, tí ẹ sì rí ẹni tó jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí púpọ̀ nínú yín ṣe bí ẹni tí kò rí i nígbà tó wọlé. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. N kò sọ ìdí fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé irọ́ kékeré wà. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ gbàdúrà, èmi náà ṣì ń gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń sunkún níta, ẹ dìde lórí eékún yín, ẹ dá a lóhùn. N kò ní di ipò akọ̀wé mú mọ́ lẹ́yìn èyí. Mo ti fi í sílẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ Beulah, ọmọ ẹgbẹ́ wa. Mo bẹ Mujeebah, tí kò lè dá mi lóhùn mọ́. Mo bẹ Alhaji àti Alhaja. Mo bẹ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná, kí ẹ dìde, kí ẹ lọ bá ọkùnrin tí a jọ lé jáde, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í lẹ́ẹ̀kejì kí a tó dá a lẹ́bi.

Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan ní Tejúoṣó, mo sì sá fún yín. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí, níṣojú gbogbo èèyàn. Mo wà nílé. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Kì í ṣe ilé òfìfo ni ẹ dúró sí. Ẹ lọ sùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kò pa á.